Ọ̀sán Mọ́kànlélógójì

Ẹ má bínú bí mo bá ń pariwo, báyìí ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ka òjò, tí mo ń ka ooru, tí mo ń ka afẹ́fẹ́ fún ìjọba. Ẹni tó bá ka ohun tí kò ṣeé dì mú fún irú ọdún bẹ́ẹ̀, ohùn rẹ̀ á le. Màmá Òjò ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Àmọ́ èmi kọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó kéré tán èmi kọ́ ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ni, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà. Kí-ló-fà-á la sọ ọ́.

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi gba orúkọ náà. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọṣẹ́, mo mú un lọ sí ọgbà irinṣẹ́ wa lẹ́yìn ilé. Ìṣísẹ̀ méjìlélọ́gọ́ta ló wà láàárín ẹnu ọ̀nà wa àti àpótí funfun tó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́rin níbẹ̀. Mo ti kà á, àìmọye ìgbà. Tẹ̀mómítà méjì ló wà nínú àpótí náà: ọ̀kan gbẹ, wọ́n wé aṣọ tútù mọ́ ìkejì nídìí. Ìyàtọ̀ tó bá wà láàárín àwọn méjèèjì ló ń sọ bí omi ṣe pọ̀ tó nínú afẹ́fẹ́. Agolo tó ń gba òjò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òpó irin gíga tó ń wọn ìjì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an. Wákàtí mẹ́ta mẹ́ta la máa ń jáde lọ kà wọ́n, a ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ńlá.

Mo ṣàlàyé tán, ó ní, "Kí ló fà á tí aṣọ fi ń mú un tutù, mà?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Kí ló fà á tí àpótí fi jẹ́ funfun?" Mo sọ. Ó tún ní, "Kí ló wá fà á tó fi jẹ́ wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, tí kì í ṣe mẹ́rin?" Mo ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ìyá ẹ ò sọ fún ẹ rí pé ẹnu máa ń rẹ èèyàn?" Ó rẹ́rìn-ín. Kò sì dákẹ́.

Èmi náà ni mo kọ́ ọ ní òfin ìwé ńlá. Ohun tí ojú rẹ bá rí ni kó o kọ. Bí o ò bá lọ kà á, fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, kó o kọ ìdí rẹ̀ sí ìlà tó wà lápá ọ̀tún. Àyè òfìfo kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bó o bá sì kọ ohun tí kò tọ́, má pa á rẹ́ o. Bírò pupa ni kó o fi fa ìlà kan ṣoṣo lé e lórí, kí èèyàn ṣì lè rí ohun tó wà lábẹ́, kó o wá buwọ́ lù ú. Ẹ wo èmi tí mò ń kọ́ èèyàn!

Ọmọ yìí fẹ́ di ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ojú sánmà. Kì í ṣe àlá ojú oorun. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti kọ̀wé sí yunifásítì kan lókè òkun, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá a padà. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí wọ́n fi dá a padà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tó ń fi ẹ̀wù òjò rẹ̀ kọ́, ó ní kí òun máa rí i kí òun má bàa sùn. Ètò tó ń rán irú wọn lọ sílé ẹ̀kọ́ kì í gba ẹni tó bá ti kọjá ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ó ti pé méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta yìí ló kù, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Wọ́n ní kó kọ ojú ìwé mẹ́wàá nípa ohun kan tí òun fúnra rẹ̀ ṣàwárí. Bó ṣe kó wọ yàrá fáìlì nìyẹn, gbogbo ọjọ́ Sátidé, fún oṣù mẹ́fà. Ó ń tẹ ìwé ńlá ọdún méjìdínlógún sínú kọ̀ǹpútà, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn, eruku bo imú rẹ̀. Mo máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bó bá sín lẹ́ẹ̀kan sí i, àkọsílẹ̀ òjò ọdún márùn-ún á fò lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó já wọ yàrá bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀. "Màmá, mo ti rí i! Mo ti rí i!"

Mo ní, "Kí lo rí? Eku?"

Ó fà mí lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ó ní ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, nínú àsìkò òjò, ọjọ́ mọ́kànlélógójì tẹ̀ léra tí ìyàtọ̀ tẹ̀mómítà méjèèjì ò kúrò lójú kan ní aago mẹ́ta ọ̀sán: méjì, méjì lé díẹ̀, méjì dín díẹ̀, méjì. "Afẹ́fẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, mà! Ohun kan ló dì í mú. Kò sẹ́ni tó tíì kọ nípa ẹ̀ rí, èmi ni mo máa kọ́kọ́ kọ ọ́." Ó dì mọ́ mi. "Ẹ wo ìbuwọ́lù yín níbẹ̀, mà. Ẹ̀yin lẹ kà á. Ẹ̀yin lẹ fún mi ní yunifásítì!"

Mo di etí àga mú. Èmi kọ́ ni mo kà á, ẹ jọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó kà á. Ojú fèrèsé ni mo jókòó sí tí mo kọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ọdún yẹn ni ààrá sán pa Baba Afẹ́fẹ́, ọkùnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ẹni tó máa ń gun òpó irin lọ fi epo sí irinṣẹ́ tó ń wọn ìjì. Aago mẹ́ta ọ̀sán ni. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìkọ́ irin ilẹ̀kùn àpótí funfun nígbà tí mànàmáná bá òpó náà wálẹ̀. Mo rí i láti ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, bí sánmà bá ti ṣú, ẹsẹ̀ mi ò gbé ilẹ̀ mọ́. Ojoojúmọ́ ló sì ń ṣú lọ́sàn-án lásìkò òjò yẹn, èmi ni iṣẹ́ ọ̀sán sì kàn. Màá mú ìwé, màá dé ẹnu ọ̀nà, jìnnìjìnnì á bò mí, màá sì padà wá jókòó. Màá wo ohun tí mo kọ lánàá, màá yọjú wo sánmà láti fèrèsé, màá ní, "Bó ṣe ṣú yìí, ìyàtọ̀ wọn á tó méjì." Màá kọ méjì. Lọ́jọ́ kejì màá fi díẹ̀ lé e, kó má bàa jọ ara wọn jù. Ọ̀gá wa ń buwọ́ lù ú lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kò wo nǹkan kan. Bí òjò ṣe dáwọ́ dúró lọ́dún yẹn, mo tún ń jáde. Mo sọ fún ara mi pé ó ti parí. Ta ló máa ka ìwé ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn?

Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ogún.

Lẹ́yìn ọdún náà, mo máa ń fi iṣẹ́ ọ̀sán mi ṣe pààrọ̀ iṣẹ́ òwúrọ̀ àwọn ẹlòmíràn kí n má bàa kan ọ̀sán tó ṣú. Nígbà tí Kí-ló-fà-á wá dé, mi ò tiẹ̀ nílò láti bẹ̀ ẹ́. Bí sánmà bá ti ń kùn, á wo ojú mi, á mú ẹ̀wù òjò rẹ̀, á ní, "Ẹ jókòó, mà, mò ń lọ." Ọdún mẹ́rin gbáko. Gbogbo nǹkan tó wà láyé ló ń bi léèrè ìdí, àfi èmi.

Ọjọ́ Ẹtì, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n fẹ́ gba ìwé náà kẹ́yìn. Mi ò sùn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Lọ́jọ́rú, mo fi ọgbọ́n wọlé sí i lára. Mo ní, "Ṣé o ò rò pé tẹ̀mómítà ló bàjẹ́ lọ́dún náà?"

Ó ní, "Mo ti wò ó, mà. Ti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ń lọ sókè ń lọ sódò, ti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ náà bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́ta nìkan ló dúró. Ìyẹn gan-an ló dùn níbẹ̀!"

Ọmọ tó gbọ́n tó báyìí! Ká ní orúkọ ẹlòmíràn ló wà lábẹ́ ojú ìwé náà, kíákíá ni ì bá ti fura. Ó kó ojú ìwé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá fún mi pé kí n bá òun tún un kà. Mo kà á. Mo ní kó yọ kọ́mà kan kúrò.

Ìyá rẹ̀ pè mí lórí fóònù lọ́jọ́bọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ o, Màmá. Ọmọ yín ní ẹ ti bá òun kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí. Èmi ò mọ ohun tó ń kà o, mo kàn mọ̀ pé òjò wà nínú ẹ̀. Bó bá wá di ọ̀mọ̀wé, ṣé á lè máa sọ ọjọ́ tí mo lè sá aṣọ fún mi?" Ó rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ ṣé o." Mo pa fóònù, mo lọ jókòó sílé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ẹ̀rù tó bà mí kì í ṣe ẹyọ kan. Ìfẹ̀yìntì mi ku oṣù méje. Bí wọ́n bá gbọ́, wọ́n lè ní kí n máa lọ sílé lọ́wọ́ òfìfo, orúkọ mi á sì dìbàjẹ́ lẹ́nu gbogbo ẹni tí mo kọ́ níṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn kéré. Bí ọmọ yìí bá fi ìwé náà ránṣẹ́, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn wò ó dáadáa, wọ́n á mọ̀. Wọ́n á ní òun ló hùmọ̀ rẹ̀, irọ́ á lẹ̀ mọ́ orúkọ rẹ̀ títí ayé. Bí wọn ò bá wá mọ̀ ńkọ́? Á lọ. Á lo ọdún márùn-ún nílẹ̀ onílẹ̀, á máa wá ìdí afẹ́fẹ́ kan tí kò fẹ́ rí. Èwo ló dáa níbẹ̀? A kì í fi iná sórí òrùlé ká lọ sùn, èmi sì ti fi tèmi síbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá.

Lọ́jọ́ Ẹtì, bí aago kan ọ̀sán ṣe lù, mo mú bírò pupa. Mi ò ní ìgboyà láti bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Òótọ́ nìyẹn, mi ò ní í. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni ìwé kíkọ. Mo wọ yàrá fáìlì, mo gbé ìwé ńlá ọdún náà sórí tábìlì, mo ṣí i sí ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo fa ìlà pupa lé nọ́ńbà tí mo kọ. Lápá ọ̀tún, níbi ìdí, mo kọ ọ́ pé: Mi ò jáde. Ẹ̀rù bà mí. Mo buwọ́ lù ú. Mo lọ sí ọjọ́ kejì: Mi ò jáde. Ẹ̀rù bà mí. Ọjọ́ kẹta náà bẹ́ẹ̀. Mo ṣáà ń kọ ọ́ lọ.

Mo ti dé ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Kí-ló-fà-á ni, ó mú fóònù dání. Ó fẹ́ wá ya àwòrán ojú ìwé náà mọ́ àwárí rẹ̀.

"Màmá, kí lẹ̀ ń..." Ó rí bírò. Ó rí ìlà. Ó tẹ̀ síwájú, ó fi ìka lé ọjọ́ kìíní, ó ń kà á wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ pé kó máa ka ìwé.

"Ọjọ́ mélòó?"

"Gbogbo ẹ̀."

"Mọ́kànlélógójì?"

"Mọ́kànlélógójì."

Mi ò gbọ́ ariwo ọmọ náà rí, ọjọ́ yẹn ni mo gbọ́ ọ. "Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun! Ẹ ti mọ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun! Mo ń fò, ẹ̀ ń wò mí! Mo ní kẹ́ ẹ bá mi kà á, ẹ ní kí n yọ kọ́mà kúrò! Kọ́mà, mà!"

Mo dorí kodò. Aago ara ògiri ti lé díẹ̀ ní méjì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn fáìlì, ó fi ọwọ́ bojú. Nígbà tó pẹ́, ó gbé orí sókè, ó ní, "Kí ló fà á?"

Mo ní, "Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀."

"Mo ti rí ohun tẹ́ ẹ kọ. Mo ní kí ló fà á."

Ohun tí mi ò sọ fún ọkọ mi kó tó kú, mo sọ ọ́ fún un. Èmi ni iṣẹ́ kàn lọ́jọ́ tí Baba Afẹ́fẹ́ kú. Mò ń jẹun lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Baba, ẹ bá mi kà á, oúnjẹ mi á tutù." Ó ní, "Jẹun ẹ, jàre, kò sí wàhálà." Ó ń súfèé lọ. Oúnjẹ, ẹ gbọ́. Nítorí oúnjẹ.

Ó ń wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Èmi wá ńkọ́?"

"Ìwọ báwo?"

"Ọdún mẹ́rin. Bí sánmà bá ti ṣú, èmi ni mo máa ń jáde. Ẹ sì máa ń jókòó."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ mi yìí, mi ò rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Mo fi Ọlọ́run búra. Mo ní, "Mi ò jókòó. Ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí, mo máa ń ka ìṣísẹ̀ ẹ. Méjìlélọ́gọ́ta lọ, méjìlélọ́gọ́ta bọ̀. Mi ò fo ẹyọ kan rí."

Ó dìde. Kò bú mi, ì bá sàn kó bú mi. Ó ya àwòrán ojú ìwé náà bó ṣe wà, pẹ̀lú ìlà pupa, ó sì jáde. Mo parí méjìlá tó kù. Nígbà tí aago márùn-ún fẹ́ lù, mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà kíkankíkan lódìkejì ògiri. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tí àga rẹ̀ dún, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kọjá lọ. Mi ò mọ ohun tó fi ránṣẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ó fi nǹkan kan ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé mo gbé ìwé ńlá náà lọ bá ọ̀gá. Ó wò ó, ó rí ìbuwọ́lù tirẹ̀ lábẹ́ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ fàro. Wọ́n fún mi ní kúẹ́rì, wọ́n rẹ̀ mí sílẹ̀ ní ipò kan, wọ́n ní kí n parí oṣù tó kù jẹ́jẹ́. Gbogbo ìyẹn ò dùn mí tó "Ẹ káàárọ̀, mà" tí ọmọ náà ń kí mi. Ẹnu lásán ló fi ń kí mi. Ó máa ń kí mi, á sì yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ọ̀sẹ̀ méje la fi wà báyẹn, kò sì bi mí léèrè nǹkan kan, yàrá náà dákẹ́ débi pé mò ń gbọ́ aago. Bí lẹ́tà bá ti wọlé, màá kọ́kọ́ wo orúkọ tó wà lórí ẹ̀; mo mọ̀ pé bí wọ́n bá dá a padà, ìparí nìyẹn, èmi ni mo sì parí rẹ̀.

Lẹ́tà náà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́bọ̀ kan. Ó kà á lórí ìdúró. Ó rìn wá bá mi, ó gbé e síwájú mi, mo wá gíláàsì mi títí mi ò rí i, orí mi ló wà. Wọ́n gbà á. Ọdún àkọ́kọ́ á jẹ́ ti ìdánwò ná. Bí kò bá ṣe dáadáa, wọ́n á dá a padà sílé.

Ìgbà yẹn ló tó sọ ohun tó ṣe. Ó ti yọ àwárí rẹ̀ kúrò, ojú ìwé mẹ́wàá di mẹ́rin. Ó fi àwòrán ìlà pupa síbẹ̀, ó kọ ọ́ pé ọjọ́ mọ́kànlélógójì ni kò sẹ́ni tó mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe rí, àti ìdí tí kò fi sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Mo ní ṣé ohun tí wọ́n torí rẹ̀ gbà á nìyẹn. Ó ní, "Wọn ò sọ, mà." Mi ò mọ̀ ọ́n títí di òní, bóyá ìlà pupa ló ràn án lọ́wọ́ tàbí ńṣe ni wọ́n mójú kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó já lẹ́tà àtijọ́ kúrò lára ògiri, ó fi ẹ̀wù òjò rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó kọ́ ọ sí. Ó ní kí wọ́n máa fi ẹ̀dà ìwé ńlá ránṣẹ́ sí òun lóṣooṣù. Ó dì mọ́ mi, kò pẹ́, ó sì lọ.

Ẹni tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ti lé lógójì, baba ọmọ méjì, ara rẹ̀ yá mọ́ èèyàn. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tó dé tí sánmà fi ṣú lọ́sàn-án ọjọ́ kan, dúdú bíi ìdí ìkòkò. Èmi ni iṣẹ́ kàn. Aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo mú ìwé, mo dé ẹnu ọ̀nà. Mo rí àpótí funfun lọ́ọ̀ọ́kán, òpó irin sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ààrá kùn, mo dúró.

Ọkùnrin náà ti dìde lẹ́yìn mi. Ó ti fi ọwọ́ kan wọ ẹ̀wù òjò Kí-ló-fà-á. "Ẹ jókòó, Màmá, ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á. Ìṣẹ́jú kan ni."

"Jókòó!" Mo pariwo débi pé ọ̀gá yọjú láti ọ́fíìsì rẹ̀. Mo di ọkùnrin náà lápá mú. "Jókòó síbẹ̀! Kò sẹ́ni tó ń lọ."

Ó ní, "Họ̀wù, Màmá, aago mẹ́ta mà fẹ́ lù."

Mo ní kó lù. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fa àga, mo ṣí ìwé. Mo fi àyè aago mẹ́ta sílẹ̀ lófìfo. Lápá ọ̀tún mo kọ ọ́ pé: Ààrá ń sán. Kò sẹ́ni tó jáde. Ẹ̀rù bà mí. Mo buwọ́ lù ú. Kí-ló-fà-á máa rí i ní ìparí oṣù, kò sì ní bi mí léèrè ìdí rẹ̀. Ọkùnrin náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń kùn, ẹ̀wù òjò ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, a jọ ń wo òjò láti ojú fèrèsé títí ó fi dá.